Orogún Tí Ń Sùn Nínú Nẹ́ẹ̀tì

Obìnrin kan wà ní Ìgbò-Ọrà tó ń bá ẹṣin jowú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró títí ọkọ tí ẹ ti ń se oúnjẹ fún láti ìgbà ọmọge yín yóò fi máa kí nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin láàárọ̀ kó tó kí yín, kí ẹ wá sọ bó ṣe rí lára yín. Ṣàkírát ni orúkọ obìnrin náà. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ìyá Mùíz, láfún ló sì ń ṣe tà. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n wọn ò rí Ṣàkírát kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin náà sanra, ó dúdú, ó ń dán, apá tó fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ sì le ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

Sàláúdéènì ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹṣin Balógun Àdínì. Bí wọ́n ṣe bá a ní àdúgbò wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ Iléyá, Balógun Àdínì kì í fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yídì, kì í sì í wọ mọ́tò. Ẹṣin ló ń gùn, agbo-ilé Ẹlẹ́ṣin, ilé Sàláúdéènì, ni ẹṣin náà sì gbọ́dọ̀ ti jáde, kí ọkùnrin ilé náà kan di ìjánu rẹ̀ mú. Ọdún tí wọn kò bá lẹ́ṣin, àwọn ará ilé Mùstàfá tó wà lódìkejì ọjà yóò mú tiwọn wá, ẹni tó bá sì gba ìjánu lọ́wọ́ ẹni kì í dá a padà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà.

Akọ ẹṣin pupa kan ló wà nílé náà tẹ́lẹ̀. Òjò ọdún kẹta sẹ́yìn ni ìyẹn kú. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ já wálẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́. Dókítà ẹranko tó ń wá láti Èrúwà, Japheth lorúkọ rẹ̀, ní ẹ̀fọn ló fà á. Ó ní àìsàn kan wà tí ẹ̀fọn máa ń fà mu lára ẹyẹ, tí yóò wá gún un sí ẹṣin lára, ọpọlọ ẹṣin ni àìsàn náà sì ń bá jà. Sàláúdéènì sunkún bí ọmọdé lọ́jọ́ náà. Ṣàkírát dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó rántí pé nígbà tí ìyá òun kú, ọkùnrin yìí kan náà kàn ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere ni, ó sì béèrè ohun tí àwọn yóò jẹ lálẹ́.

Gbogbo òjò ọdún yẹn, Sàláúdéènì kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán. Yóò jókòó sẹ́nu ilé ẹṣin tó ṣófo, yóò máa wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ta ọ̀kadà rẹ̀, ọ̀kadà tí Ṣàkírát fi ń kó láfún lọ sọ́jà Lanlate, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé abo ẹṣin funfun kan wálé.

Ó sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àṣàkẹ́ ni oríkì Ṣàkírát. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kì í kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ̀: Àṣàkẹ́ gbé omi wá, Àṣàkẹ́ jókòó tì mí. Bí ọmọ ṣe ń dé ni Àṣàkẹ́ ń lọ. Ó di Ìyá Mùíz, ó di "ìwọ", ó di "ṣé kò sí ènìyàn nílé yìí ni?" Ṣàkírát ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó rò pé bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà ni oríkì ń tán lẹ́nu rẹ̀. Àfi bó ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ohùn tó ti rò pé ó ti kú, tó ń wí pé, "Àdùkẹ́ mi, Àdùkẹ́ ọmọ Ìlọrin, ṣé o sùn dáadáa?" Inú rẹ̀ gbóná bí ìgbà tí wọ́n da omi híhó sí i. Oríkì kò tán lẹ́nu ọkùnrin yìí rárá. Ibòmíràn ló ń kó o lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti nẹ́ẹ̀tì. Àwọn elétò ìlera pín nẹ́ẹ̀tì láti ojúlé dé ojúlé, méjì ló kan tọkọtaya náà. Sàláúdéènì gba méjèèjì. Ọkùnrin tí kò rán bọ́tìnnì rí láyé rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán wọn pọ̀, ó sì so ó bo ilé ẹṣin náà. Ẹ̀fọn ń jẹ òun àtìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, Àdùkẹ́ ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Mùíz, èmi wá ńkọ́?" ni Ṣàkírát béèrè.

"Ìwọ lè fọwọ́ pa ẹ̀fọn," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ṣé Àdùkẹ́ lọ́wọ́ ni?"

Ìyá Purity, tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti orí ọgbà, kò sì fi mọ sínú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti máa ń yọ orí láàárọ̀ tó ń béèrè pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Mùíz. Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ó ti jí?" Ṣàkírát á rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá irú rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, yóò máa fi ọ̀bẹ bó èèpo títí yóò fi bó mọ́ ara ẹ̀gẹ́ gan-an.

Ká ní ó mọ níbẹ̀ ni, ì bá fara dà á. Dókítà Japheth tún dé, ó ní òun fẹ́ wo àyíká. Ó wo omi mímu ẹṣin, ó ní kí wọ́n máa dà á nù lójoojúmọ́ kí wọ́n sì pọn tuntun. Ó wá dé ìdí àwọn dúrọ́ọ̀mù tí Ṣàkírát fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n wà lábẹ́ ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹṣin. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó, ó sì pè wọ́n. Tanwíji kún inú omi náà fọ́fọ́.

"Ẹ̀fọn fẹ́ràn omi ẹ̀gẹ́ tó bá ti ń kan báyìí, Màmá," ni ó wí. "Ibí ni ilé wọn."

Sàláúdéènì wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó mú olè. Ó ní kó kó dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ sí apá kejì ọgbà, níbi tí oòrùn ti ń pa ènìyàn, tó sì jìnnà sí kànga.

"Dúrọ́ọ̀mù yìí ló rán Mùíz níwèé tó fi dé Ìbàdàn," ni Ṣàkírát wí. "Òun náà ló gbọ́ bùkátà ìgbéyàwó Tóyọ̀sí ọmọ wa lọ́jọ́ tó lọ sílé ọkọ. Kí ni ẹṣin yín ti ṣe fún wa rí? Nígbà tí adìyẹ mi ń ta kókó lójú, tí àwọn ọmọ wọn ń fọ́jú tí wọ́n ń kú, ta ló so nẹ́ẹ̀tì fún wọn?"

"Adìyẹ!" ni Sàláúdéènì pariwo. "O ń fi adìyẹ wé Àdùkẹ́!"

"Ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń gbé ti adìyẹ náà kiri, Bàbá," ni dókítà wí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Òun ló ń jẹ wọ́n lógbe. Òun ló sì ń gbé aràn sínú ọkàn ajá." Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́, ó padà sí Èrúwà.

Wọ́n parí rẹ̀ sí pé kí dúrọ́ọ̀mù dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n kí Ṣàkírát máa fi aṣọ de ẹnu wọn pinpin. Wọ́n tún ní òun ni yóò máa dá èéfín, torí èéfín kì í jẹ́ kí Sàláúdéènì mí dáadáa. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun Màgàríbì, Ṣàkírát á kó imí ẹṣin gbígbẹ sínú agbada fífọ́, á da ewé dongoyárò tútù lé e lórí, á ṣáná sí i, á sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin. Tí èéfín bá ti gbalẹ̀, á ju nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ títí yóò fi ṣe é tán. "Aláìmoore. Ẹlẹ́nu gígùn. Máa jẹun, kí o máa sanra, ìwọ tí wọn kì í rán lódò. Kí ló wà lára rẹ ná? Ìrù lásán." Àdùkẹ́ á na etí méjèèjì síwájú, á máa gbọ́. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹṣin náà kì í gba èébú tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyálé rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe wà títí ó fi kan ọjọ́ tí Sàláúdéènì ń lọ sí Tápà fún àdúrà fìdáù àbúrò bàbá rẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, Iléyá kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Ṣàkírát ti pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀, ó ti lọ agbádá rẹ̀, ó ti di ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ọkọ rẹ̀ kò ti ní ṣàì rí i. Sàláúdéènì wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí ẹṣin, ó ń kì í. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó gun ọ̀kadà tó wá gbé e, ó wá bojú wẹ̀yìn. Ṣàkírát sún síwájú.

"Má gbàgbé Àdùkẹ́ o," ni ó wí. "Èéfín, nẹ́ẹ̀tì, ìdérí dúrọ́ọ̀mù. Ọ̀túnla ni mò ń bọ̀."

Ọ̀kadà lọ. Kò tilẹ̀ ní ó dàbọ̀. Owú tí Ṣàkírát ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, lọ́jọ́ náà kò ṣeé gbé mì mọ́.

Ó ní láfún tó sá sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ ti dà á rú lánàá, ó sì ti ń wá ohun tí yóò fi bò ó. Ó wọ ilé ẹṣin lọ, ó tú nẹ́ẹ̀tì náà nígun kọ̀ọ̀kan, ó ká a mọ́ apá, ó gbé e lọ sórí àpáta, ó sì tẹ́ ẹ bo láfún rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gẹ́ tèmi náà yóò sùn nínú nẹ́ẹ̀tì lónìí," ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n pe Màgàríbì, kò dáná. Ó ṣí aṣọ kúrò lẹ́nu dúrọ́ọ̀mù kó lè wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kò sì dè é padà. Ó kírun tán, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ bí Àdùkẹ́ ṣe ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, tó ń fi ìrù na ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó dùn mọ́ ọn. Kí ló kù tí a ó máa fi pamọ́? Ó dùn mọ́ ọn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Láti ìgbà tí òun ti ń fọwọ́ pa ẹ̀fọn, kí ọmọ Ìlọrin náà fi ìrù pa tirẹ̀ wò. Bó ṣe ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kejì náà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó fọ ìyẹ̀fun láfún kúrò lára nẹ́ẹ̀tì, ó sá a, ó so ó padà sí àyè rẹ̀. Ó de dúrọ́ọ̀mù. Ó dá èéfín lọ́sàn-án gangan kí òórùn rẹ̀ lè wà nílẹ̀. Sàláúdéènì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ilé ẹṣin ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ó yẹ ibẹ̀ wò fínnífínní, ó sì wá bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò.

"O ṣeun, Ìyá Mùíz," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé mo lè fi í sílẹ̀ fún ọ." Ó fa ewé kan tí wọ́n fi di ẹran yọ nínú àpò agbádá rẹ̀. "Ṣàkì ni. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹran, mo ní ìwọ lo fẹ́ràn ṣàkì."

Ṣàkírát jẹ ẹ́. Kò mọ adùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, òmíràn wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé èèrí bàbà lọ fún ẹṣin náà láàárọ̀, ó rí i pé ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ já wálẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n wìnnìwìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn sì ń gbé ara wọn ṣubú. Ó mọ ètè yẹn. Èèrí dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Sàláúdéènì dé ibẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Dókítà Japheth dé kí oòrùn tó mú. Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn kí òun tó lè fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ tàkọ́kọ́ gan-an. "Kò sí oògùn tó ń pa á, Bàbá. Wọ́n ní àjẹsára rẹ̀ wà lókè òkun, n kò tíì rí i níbí. Màá gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú kí ara rọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ, kó máa mu, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá dùbúlẹ̀. Òmíràn máa ń là á já." Ó wo òkè, ó wo nẹ́ẹ̀tì. "Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé nẹ́ẹ̀tì wà, èéfín wà. Ṣé kò sí ìrọ̀lẹ́ kankan tó wà níta ẹ̀?"

"Kò sí!" ni Sàláúdéènì wí. "Kódà nígbà tí mo lọ sí Tápà. Ìyá Mùíz ló wà nílé, òun lẹ́rìí mi. Ẹ bi í."

Dókítà kọjú sí Ṣàkírát. Ṣàkírát ń wo ilẹ̀.

"Kò sí," ni ó wí.

"Ayé ni," ni Sàláúdéènì wí. "Àwọn ará ilé Mùstàfá ni. Ìjánu ni wọ́n ń wá." Láti ọjọ́ náà kò kí wọn mọ́ ní mọ́sálásí. Bó bá ti dárúkọ wọn nílé báyìí, yóò dà bíi pé ẹnì kan ń fi abẹ́rẹ́ gún Ṣàkírát níhà.

Ohun tó ń wá ló rí yìí. Ó ti fẹ́ kí ẹṣin náà kúrò ní ọ̀nà òun, ẹṣin náà sì ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ó wá rí i kedere pé kò ní dá lọ. Yóò gbé ìjánu lọ sílé Mùstàfá, yóò sì gbé Sàláúdéènì jókòó sẹ́nu ilé ẹṣin tó ṣófo, kí ó máa wo ilẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí bóyá títí ayé. Ta ni yóò wá kù fún òun? Ó fi ìka àbámọ̀ bọnu. Bó bá sì wo ojú ẹṣin náà, ojú ńlá tó tutù yẹn, ìtìjú á mú un, torí ẹranko yìí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun rí. Sàláúdéènì ló ń kó o fún un.

Sàláúdéènì ló máa ń di Àdùkẹ́ mú bí dókítà bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Ó dì í mú lẹ́ẹ̀kan, ó dì í mú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ẹṣin náà bá ti rí i lókèèrè, yóò yí ìdí sí i. Bó gbé oúnjẹ wá, kò ní jẹ. Bó gbé omi wá, yóò fi imú dà á nù. Sàláúdéènì bẹ̀ ẹ́, ó kì í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Àdùkẹ́ kò dá a lóhùn. Ṣàkírát gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti se ògì bàbà, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì sọ̀rọ̀ sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá.

"Ẹlẹ́nu gígùn. Aláìmoore. Ṣé o ò ní jẹun ni?"

Etí méjèèjì dìde. Ẹṣin náà na ọrùn, ó fi ètè rẹ̀ tó já wálẹ̀ wá ọwọ́ Ṣàkírát, ó sì ń lá ògì náà díẹ̀díẹ̀, èyí tó pọ̀ ń dà sílẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé nìyẹn. Ibo ni ẹṣin ti mọ̀ pé èébú ni?

Láti ọjọ́ náà, Ṣàkírát fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń tì í dìde, apá tó fi ń fún ẹ̀gẹ́ yẹn wá wúlò. Fúnra rẹ̀ ló yí àwọn dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ sí apá oòrùn, ó sì ra ìdérí onírin sí wọn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ìyá Purity yọ orí lórí ọgbà, ó rí i tó ń fi aṣọ tútù nu ojú ẹṣin.

"Ìyá Mùíz, ṣé ẹ̀yin náà lẹ wá ń gbọ́ bùkátà ìyàwó yìí?"

"Ìyàwó kì í ṣàìsàn kí ìyálé máa wòran," ni Ṣàkírát dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Bó bá fún un lóúnjẹ tán, tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, yóò gbé ẹnu sí etí Àdùkẹ́. "Èmi ni," á wí. "Èmi ni mo ká nẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ ọ́, mo jókòó. Má kú mọ́ mi lọ́wọ́." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́ tán, ara á fúyẹ́ díẹ̀, á dìde, á lọ dá èéfín.

Àdùkẹ́ kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ètè rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Dókítà Japheth padà wá, ó pàtẹ́wọ́. Inú Sàláúdéènì dùn títí, ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ aráyé! Nígbà tí ìbẹ̀rù tán, ohun mìíràn gba ipò rẹ̀. Bí Ṣàkírát bá ti sọ bàtà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Àdùkẹ́ á yán. Bí Sàláúdéènì bá dé, àfi ìdí. Ó ra ìrèké fún un, kò gbà. Ó dúró nírọ̀lẹ́ tó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé ẹnu sétí ẹṣin, ó wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Wọn kò bojú wò ó.

"Ìwọ nìkan kọ́ lo ni ín," ni ó wí lọ́jọ́ kan nídìí oúnjẹ. "Ọ̀kadà mi ni mo fi rà á."

"Mo mọ̀," ni Ṣàkírát wí. "Mo gun ọ̀kadà náà rí."

Iléyá dé. Wọ́n wẹ Àdùkẹ́, wọ́n fi gàárì sí i, wọ́n so aṣọ aláràbarà mọ́ ọn lọ́rùn. Balógun Àdínì, bàbá arúgbó tí kò ju ìgbálẹ̀ lọ nínú agbádá ńlá, jókòó sórí gàárì. Sàláúdéènì di ìjánu mú. Ó fà á. Àdùkẹ́ kò mira. Ó kì í, ó tún fà á, ẹṣin náà na etí sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gúnlẹ̀. Lóríta tó kọjú sí agbo-ilé náà, àwọn ará ilé Mùstàfá ti dúró pẹ̀lú ẹṣin tiwọn tí gàárì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù ń dúró ní Yídì. Òógùn bo Sàláúdéènì.

Ṣàkírát wà láàárín àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò yẹ kí obìnrin ṣáájú Balógun Àdínì lọ sí Yídì, kò sì sẹ́ni tó ṣe é rí. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo oríta. Ó tẹ̀ síwájú.

"Ìwọ ẹlẹ́nu gígùn yìí!" ni ó pariwo níwájú gbogbo ayé. "Aláìmoore! Ṣé o máa jáde níbẹ̀ ni àbí o ò ní í jáde?"

Etí dìde. Àdùkẹ́ tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn àgbà kan fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Balógun Àdínì gbé ọwọ́ sókè láti orí gàárì. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ níwájú," ni bàbá wí. "Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi dé e." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ṣàkírát rìn, ó ń bú ẹṣin lọ, Sàláúdéènì di ìjánu tí kò fa nǹkan kan mú, wọ́n sì kọjá lójú àwọn ará ilé Mùstàfá. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pariwo, "Ìyá Àdùkẹ́! Ìyá Àdùkẹ́ o!" Kò sẹ́ni tó pe Bàbá Àdùkẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti pín ẹran tán tí àlejò ti lọ, Ṣàkírát dá èéfín gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ju nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níhà mẹ́ta, ó ku ìhà kan. Ó gbé ẹnu sétí Àdùkẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ọkọ rẹ̀ dúró nídìí òpó, ó fara da èéfín, ó ń wò wọ́n. Ṣàkírát mọ ojú tó fi ń wò wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ń gbé irú rẹ̀ kiri láti ọjọ́ tí ẹṣin náà ti wọlé.

"Àṣàkẹ́," ni Sàláúdéènì wí.

Ọwọ́ Ṣàkírát dúró lórí nẹ́ẹ̀tì. Ọdún mélòó!

"Àṣàkẹ́ mi, má bínú. Kí lo máa ń sọ sí i létí? Ojoojúmọ́ ni mò ń rí yín. Kí lo ń sọ fún un tí kò fi fẹ́ rí mi mọ́? Sọ fún mi kí èmi náà máa sọ ọ́."

Bí Ṣàkírát bá sọ ọ́, Àṣàkẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé yìí yóò tún lọ. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo Àdùkẹ́ tó mọ gbogbo rẹ̀, tí kò sì lẹ́nu tí yóò fi rò ó. Ó fa ìhà nẹ́ẹ̀tì tó kù wálẹ̀, ó sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀rọ̀ orogún ni, Bàbá Mùíz," ni ó wí. "Ọkọ kì í dá sí i."